Ẹ má tíì gba ọkọ̀ ńlá yẹn: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbòkun tọ́ àwọn ọ̀dọ́ l'Ábẹ́òkúta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàrà l'Ábẹ́òkúta ni mò ń gbé. Àwa olùkọ́ mẹ́rin kan fẹ́ dá àjọ aláàánú sílẹ̀, tí yóò máa kó àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18 lọ sórí omi láti kọ́ bí a ṣe ń fi ìgbòkun wakọ̀, kí ọkàn wọn lè le, kí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Àna mi kan ní Íńgíláǹdì ti ṣèlérí ọkọ̀ ìgbòkun onímítà 9 fún wa. Ṣé Odò Ògùn lè gbà á? Kí la máa kọ́kọ́ ṣe? Ṣé àwọn ọmọ náà lè tibẹ̀ ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun?

Ìdáhùn: Ẹ kú èrò rere. Ìbéèrè yín pé mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àna yín, kí ẹ sì ní kó má tíì fi í ránṣẹ́.

Ọkọ̀ ìgbòkun onímítà 9 sábà máa ń ní irin tàbí òjé ńlá nísàlẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó dojú dé, irin yìí sì lè wọnú omi tó mítà kan àtààbọ̀. Ìyẹn ni pé ẹ nílò omi jíjìn létí èbúté, kéréènì tí yóò máa gbé e sínú omi tí yóò sì máa gbé e jáde, ìdákọ̀ró tí kò ní yẹ̀ lóru, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Oòrùn yóò máa jẹ ìgbòkun rẹ̀, ewédò yóò máa lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sì máa há a, ẹ ó máa kùn ún. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan, àgbàlagbà ni yóò sì máa di ìtọ́kọ̀ mú, torí kò sẹ́ni tó máa fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ọmọ ọdún 13 lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọwọ́ ọmọ lórí ìtọ́kọ̀ ni gbogbo ètò yìí dá lé. Ẹ ṣírò owó tí yóò gbé ọkọ̀ náà dé Àpápá, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, àti owó ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé e wá s'Ábẹ́òkúta, kí ẹ wá fi wé iye tí ọkọ̀ kéékèèké mẹ́fà yóò ná yín. Ó dá wa lójú pé ẹ kò ní í béèrè ọkọ̀ ńlá náà mọ́.

Àwọn tó dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè kò ṣe é nítorí kí ọmọ lè mọ ọkọ̀ wà nìkan. Ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni Kurt Hahn, tó jẹ́ olùkọ́, àti Lawrence Holt, tó ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, dá ilé ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey ní ilẹ̀ Wales, kí ọkàn àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ lè le tó láti la ewu òkun já. Ní 1956, àwọn ọkọ̀ ìgbòkun ńláńlá bá ara wọn sáré láti Torbay ní Íńgíláǹdì dé Lisbon ní ilẹ̀ Pọ́túgà. Eré náà kò tíì dúró, òfin rẹ̀ sì ni pé ó kéré tán ìdajì àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni ọdún 15 sí 25. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kan á ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, á sì sinmi fún mẹ́jọ, tọ̀sán tòru. Bí ọmọ kan bá pẹ́ jí, ẹlòmíì ló ń dúró nínú òjò dè é. Bí ẹni tí oúnjẹ kàn kò bá dáná, gbogbo ọkọ̀ ló ń sùn lébi. Ohun tó ń yí ọmọ padà nìyẹn: iṣẹ́ rẹ̀ kan ẹlòmíì, bí kò bá sì ṣe é, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ń rí i, láìsí ìwàásù.

Ẹ lè ṣe èyí pẹ̀lú ọkọ̀ kéékèèké. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ yan ọmọ kan ṣe olórí ọjọ́. Òun ni yóò kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọ omi sórí pátákó, tí yóò sì máa fagi lé e bí wọ́n ṣe ń jáde. Ọmọ mìíràn á máa wo ojú ọ̀run, ọ̀kan á ka okùn àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì (ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì), méjì á dáná. Àgbàlagbà á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n kò ní bá wọn ṣe é. Bí olórí ọjọ́ bá gbàgbé igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi, ẹ má sáré lọ gbé e. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ mú un, kí gbogbo ẹgbẹ́ dúró dè é nínú oòrùn. Nírọ̀lẹ́, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15: kí la ní a fẹ́ ṣe, kí ló ṣẹlẹ̀, kí la máa yí padà lọ́la? Àwọn ọmọ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà sọ tiẹ̀ kẹ́yìn. Ìyẹn máa ń ṣòro fún àwa tí wọ́n kọ́ pé àgbà ló ń ṣáájú nínú ọ̀rọ̀. Ẹ fara dà á.

Ó wá kan omi. Odò Ògùn, níbi tó ti gba àárín ìlú yín kọjá, kò dára fún un. Àpáta inú rẹ̀ kò kéré sí ti orí ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà débi pé ìdí ọkọ̀ yóò máa ha òkúta. Nígbà òjò, á máa ṣàn kíkankíkan. Ilé àti igi ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ìdọ̀tí ilé ìpẹran Láfẹ́ńwá náà sì ń wọnú rẹ̀.

Omi tó súnmọ́ yín tó sì fẹ̀ ni adágún Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ní nǹkan bíi kìlómítà 20 sí ìlú. Ó fẹ̀ tó hẹ́ktà 4,000, afẹ́fẹ́ sì ń ráàyè fẹ́ lórí rẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó o ni Ogun-Osun River Basin Development Authority, ọ́fíìsì wọn sì wà lójú ọ̀nà Alábàtà l'Ábẹ́òkúta níbẹ̀. Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí àwọn Baálẹ̀ abúlé etí adágún àti olórí àwọn apẹja. Apẹja ló mọ ibi tí àwọ̀n wà àti ibi tí kùkùté ti lè dá ọkọ̀ lu. Bí ẹ bá gba orí àwọ̀n rẹ̀ kọjá láìtọrọ àyè, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ tí ìwé àṣẹ kankan kò ní lè parí. Ẹ lọ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta nígbà tí omi bá fà, kí ẹ ya àwòrán ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ jìnnà sí ògiri dáàmù àti ẹnu ibi tí omi ti ń tú jáde, ó kéré tán ìdajì kìlómítà, kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ pupa tí ẹ so òkúta mọ́ ṣe ààlà rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ títí di ìkẹwàá, tí omi òjò ń kún adágún tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀, ẹ má lọ rárá.

Ohun kan wà ní Ọ̀yán tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú di: àtọ̀sí ajá. Láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò yẹn ni àwọn olùwádìí ti ń rí àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ yìí lára àwọn ọmọ abúlé etí omi. Ìgbín omi kéékèèké tó ń gbé lára koríko etí bèbè ló ń tú kòkòrò rẹ̀ sínú omi, kòkòrò náà sì ń gba awọ ara wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò dìgbà téèyàn bá mu omi náà. Láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ló ń jáde jù lọ. Nítorí náà, ẹ fi àgbá àti pákó ṣe afárá kékeré tó na kọjá koríko, kí ọmọ má fẹsẹ̀ wọ́ omi etí bèbè. Agogo méje sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni kí ẹ fi ọkọ̀ sáré. Afẹ́fẹ́ àárọ̀ kò lágbára, ìyẹn sì dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ẹ má ṣe ìdánrawò ìdojúdé ọkọ̀ níbẹ̀, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ gbogbo ọmọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àti ní oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Ìtọ̀ ọ̀sán ni kí wọ́n gbà, láàárín agogo mẹ́wàá sí méjì, torí ìgbà yẹn ni ẹyin kòkòrò náà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel, mílígíráàmù 40 fún kílò ara kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ọmọ oníkílò 30 á lo 1,200, ìyẹn hóró 600 méjì, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Kòkòrò tó ti dàgbà ni oògùn yìí ń pa, nítorí náà ẹni tó lò ó lọ́jọ́ tó kúrò lómi kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí ẹ kò bá lè ṣètò àyẹ̀wò yìí, ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí Ọ̀yán.

Ọ̀sà Èkó wà ńkọ́? Ọkọ̀ ojú irin láti Láderin dé Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta mú ìrìn náà rọrùn, Lagos Yacht Club sì wà níbẹ̀ láti 1932. Ẹgbẹ́ aládàáni ni, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Ṣùgbọ́n omi ọ̀sà ń fà ó sì ń kún, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ èrò ń kọjá, òjúoró náà a máa bò ó. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti mọ ọkọ̀ wà, kó jẹ́ ìrìnàjò tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún.

Irú ọkọ̀ tó yẹ yín ni Optimist. Clark Mills ló ya àwòrán rẹ̀ ní Florida ní 1947, kí àwọn òbí lè fi pláíwúùdù kàn án fúnra wọn. Ó gùn ní mítà 2.3, ó wọn kílò 35, ọmọ méjì lè gbé e. Ọmọ tó bá ti ju ọdún 15 lọ, ó ti tóbi jù fún un. Irú Laser, onímítà 4.23, tó ní ìgbòkun kékeré, ló yẹ ẹ́. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè kan Optimist láti inú àwòrán. Pláíwúùdù ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé yóò ṣí ní ìpele-ìpele kí òjò kan tó kọjá. Kí ẹ tó ra èyí tí omi kì í bàjẹ́, onímìlímítà 6, ẹ gé èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ lára rẹ̀, ẹ sè é nínú omi híhó fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ohun mẹ́rin ló wà tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ máa ń gbójú fò. Àkọ́kọ́, àpò afẹ́fẹ́ mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì: ẹ fẹ́ wọn lálẹ́, kí ẹ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n láàárọ̀, èyí tó bá ti rọ̀ ń jò. Èkejì, òpó ìgbòkun gbọ́dọ̀ ní okùn tó dè é mọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò yọ bọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé, yóò sì fa igi tó gbá a mú ya. Ẹ̀kẹta, pákó tí a ń kì bọ àárín ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ní okùn tirẹ̀. Bí ó bá léfòó lọ, ọmọ kò ní ohun tó máa tẹ̀ láti gbé ọkọ̀ dìde. Ẹ̀kẹrin, okùn tí a fi ń fa ìgbòkun, ọwọ́ ni kó máa wà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ so ó mọ́ ọkọ̀ láé. Bí ẹ̀fúùfù bá dé tí okùn sì wà ní síso, ìgbòkun kò ní lè tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ á sì dojú dé. Ẹ tún so okùn tó ń léfòó, onímítà 8, mọ́ iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ adóòlà lè rí nǹkan fà.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má ra èyí tí wọ́n kàn tò sórí àtẹ láìdán an wò. Jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà tó yẹ fún iṣẹ́ yìí, ìwọ̀n agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní Newton 50, ìyẹn agbára tó lè gbé nǹkan bíi kílò 5 dúró. Ẹ lọ yá irin ìwọ̀n oníkílò 5 lọ́wọ́ ẹlẹ́ran ní Kútọ̀, ẹ so ó mọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù omi, kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Èyí tó bá rì, fóòmù inú rẹ̀ kò níláárí. Tọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín itan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fò gba orí rẹ̀ yọ nígbà tó bá jábọ́ sómi.

Kí ọmọ tó fojú kan ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ mítà 50 pẹ̀lú aṣọ lára, kó sì léfòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ kò ní lè ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oṣù kan sí méjì ni ẹ ó fi kọ́ wọn, kò sì sí ọ̀nà àbùjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó gbé ọkọ̀ kan wọ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kí ẹ máa dojú rẹ̀ dé. Ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́: ọwọ́ rẹ̀ ń wá bèbè, kò wá ọkọ̀. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe nìyẹn. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà lára ọkọ̀, torí ọkọ̀ kì í rì, ọkọ̀ náà sì ni adóòlà máa rí láti ọ̀nà jíjìn. Kó yí lọ sí ìdí ọkọ̀ níta, kó di pákó àárín mú, kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó sì fẹ̀yìn tì. Òpó yóò rọra gbéra. Bí ara rẹ̀ bá fúyẹ́ jù, ẹnìkejì á lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ṣóńṣó òpó, á sì gbé e kúrò nínú omi. Ọkọ̀ tó dìde máa kún fún omi. Ẹ̀yìn ni kó gbà gùn ún, torí tó bá gba ẹ̀gbẹ́, á tún dojú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà, igbá ló kù. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsí ìrànlọ́wọ́ kí ẹ tó mú un lọ sí adágún.

Lórí ilẹ̀, oríṣi kókó okùn mẹ́ta ti tó fún wọn láti kọ́: èyí tí a ń ta sẹ́nu okùn kó má yọ, ojóbó tí kì í fún, àti ìdì tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ òpó. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ọkọ̀ ìgbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ gan-an. Ó gbọ́dọ̀ yà tó dígírì 45 sọ́tùn-ún tàbí sósì, kó máa rìn ní wọ́gọwọ̀gọ. Ọmọ tó bá dá dúró láàárín omi tí ìgbòkun rẹ̀ ń gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ, ojú afẹ́fẹ́ ló kọ.

Royal Yachting Association, àjọ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í lélẹ̀ pé ọkọ̀ adóòlà kan ló yẹ fún ọkọ̀ kéékèèké mẹ́fà, olùkọ́ kan fún ọkọ̀ mẹ́fà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá wà. Ẹ má dín in kù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní okùn tí awakọ̀ so mọ́ ẹsẹ̀, tó ń pa á bí awakọ̀ bá jábọ́. Awakọ̀ tí kò so ó kò gbọdọ̀ kúrò létí omi. Ẹ ra bẹntiróòlù pamọ́ ju èyí tí ẹ rò lọ. Owó adóòlà àti olùkọ́ ni yóò gbé owó yín lọ jù, kì í ṣe owó ọkọ̀, àwọn tó ń fúnni lówó kì í sì í fẹ́ gbọ́ èyí torí adóòlà kì í hàn dáadáa nínú fọ́tò.

Ẹ ṣọ́ra fún ìjì oṣù kẹta sí ìkarùn-ún àti ti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá. Afẹ́fẹ́ á dákẹ́ lójijì, ojú ọ̀run á ṣú dúdú lápá ìlà-oòrùn, ẹ̀fúùfù tútù á sì dé kí òjò tó rọ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, gbogbo ọkọ̀ á jáde, òpó á sì wá sílẹ̀. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ wà lóòró gba abẹ́ wáyà iná láé. Òpó alumíníọ̀mù tó bá kàn án, ó ti pa ẹni tó gbé e.

Àwọn òbí yóò bẹ̀rù. Àwọn kan máa sọ pé odò kò gba ọmọ wọn, tàbí pé Ifá ti ka omi léèwọ̀ fún un. Ẹ má bá wọn jiyàn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa ṣe olórí ọjọ́, kó máa kọ orúkọ, kó máa tún okùn ṣe, òun náà wà nínú ẹgbẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ híjáàbù, kí wọ́n lo èyí tó lẹ̀ mọ́ orí, láìfi pín-ìnnì dè é. Àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan, bóun ì báà ṣe pásítọ̀ tàbí ààfáà. Kí ó máa jẹ́ méjì nígbà gbogbo, kí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ọmọkùnrin àti ti ọmọbìnrin yàtọ̀, kí òbí sì fọwọ́ sí ìwé kí fọ́tò ọmọ tó dé Facebook. Ẹni tó bá ń fún ọmọ kan ṣoṣo lẹ́bùn níkọ̀kọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ti ìforúkọsílẹ̀ kò le. Lábẹ́ Òfin CAMA ti 2020, ìyẹn òfin ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti àjọ, Apá F, ó kéré tán alábòójútó méjì ni ẹ nílò. Ìkéde á jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, àwọn aráàlú á sì ní ọjọ́ 28 láti ta kò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀ṣẹ̀ pa mọ́, kí báńkì tó lè ṣí àkáǹtì fún yín. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni méjì ló ń fọwọ́ sí owó, kí wọ́n má sì jẹ́ tọkọtaya. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ọkọ̀ yín ní.

Ní ti iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ẹ má ṣèlérí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó ń gbani sínú ọkọ̀ òkun ń wá láti ilé ẹ̀kọ́ tí NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òkun, fọwọ́ sí, irú èyí tó wà ní Oron ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, kò sì sí oṣù kankan lórí Optimist tó lè dípò rẹ̀. Ohun tí ẹ lè fún ọmọ ni ìwé tó sọ iye ọjọ́ tó lò lórí omi, iṣẹ́ tó ṣe, ìgbà tó ṣe olórí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó lè jẹ́rìí sí i.

Bí àna yín bá ṣì fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ kọ èyí sí i: ìgbòkun Optimist mẹ́fà tí wọ́n ti lò tí kò tíì ya, àpò afẹ́fẹ́ 18, okùn tó ń léfòó, mítà 50, jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé 12, tó gba ọmọ oníkílò 30 sí 60, àti owó ọkọ̀ òfuurufú olùkọ́ kan tó níwèé ẹ̀rí, tí yóò wá kọ́ ẹ̀yin olùkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọ kankan tó wọ omi.